Pẹ́dàlì delay wo ni kò ní já mi kulẹ̀?

Ìbéèrè, láti Ọbáńtókò: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo máa ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń bá àwọn oníjùjú lọ òde bí wọ́n bá pè mí. Pẹ́dàlì delay (èyí tó ń tún ohùn gìtá sọ bíi gbohùngbohùn) tí mo rà lọ́dún tó kọjá kọ́kọ́ ń pariwo bí ẹni ń dín àkàrà, nígbà tó yá, iná rẹ̀ kò tàn mọ́. Ṣé kí n ra àlòkù Boss DD-3 tí ẹnì kan ń tà ní Kútọ̀, àbí kí n ra tuntun kékeré láti Alábà?

Láti Aṣẹ́rò: Àbúrò, ra DD-3 náà bí ó bá ṣiṣẹ́ lójú rẹ. Ọdún 1986 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é, bọ́tìnnì mẹ́rin péré ló sì ní, nítorí náà kò sí ohun tí yóò dà ọ́ láàmú nínú òkùnkùn ibi ìnáwó. Wọn á sọ fún ọ pé gbohùngbohùn tí kò kọjá 800 mílísẹ́kọ́ọ̀ndì (1,000 rẹ̀ ló jẹ́ sẹ́kọ́ọ̀ndì kan) kò tó, ṣùgbọ́n jẹ́ ká ṣírò ó: bí ẹsẹ̀ ìlù bá jẹ́ 120 ní ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ kan jẹ́ 500, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, tí àwa onígìtá fẹ́ràn jù, sì jẹ́ 375. Kódà bí orin ìyìn bá falẹ̀ dé 75, ẹsẹ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 800 géérégé ni.

Kí o tó sanwó, yí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ kí o gbọ́ bóyá ó ń ta pàrà, kí o sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn ní ìgbà ogún. Bí ẹni tó ń tà á bá bínú, máa lọ sílé.

Láti Adígbẹ́: Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ DD-3 àtijọ́ kò mọ ìgbà tí onígángan bá sáré. DD-3T tó jáde ní 2019 ní ihò tí a lè ki pẹ́dàlì mìíràn bọ̀ láti fi ẹsẹ̀ sọ bí orin ṣe yá sí fún un. Ó wọ́n ju èyí tí o fẹ́ rà lọ, ṣá.

Láti Sápọ́n: Èmi máa ń tún irú nǹkan báyìí ṣe, mo sì fura sí ádápítọ̀ rẹ ju pẹ́dàlì lọ. Fóòtì (volt) 9 ni pẹ́dàlì wọ̀nyí ń fẹ́, pẹ̀lú àmì àyọkúrò láàárín ẹnu wáyà. Ádápítọ̀ ráútà íńtánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń ní àmì àròpọ̀ níbẹ̀. Má sì so delay pọ̀ mọ́ pẹ́dàlì mẹ́ta mìíràn lórí ádápítọ̀ kan ṣoṣo, nítorí ariwo tí ò ń pè ní dídín àkàrà lè ti ibẹ̀ wá. Bátìrì kò lè gbè ọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ lóde, àwọn kékeré púpọ̀ kò tilẹ̀ ní àyè rẹ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Mo yẹ ádápítọ̀ náà wò: ti ráútà ni, fóòtì 12 ni wọ́n kọ sí i. Mo ń lọ sí Kútọ̀ ní Sátidé pẹ̀lú gìtá àti ámúpù mi, màá sì ra ádápítọ̀ tó tọ́ kí n tó débẹ̀.