Kókó tó ń sun, àbùdá tó ń sùn: èsì mi sí àbá méjèèjì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo kí yín láti Ilé-Ifẹ̀.

Bàbá wa ní Iléṣà dábàá "kókó asunhọ́mónù" fún àwọn kókó tó máa ń hù nínú ara, tó sì ń pèsè họ́mónù (èròjà tí ara fi ń rán iṣẹ́ sí àwọn ẹ̀yà rẹ̀) kọjá bó ṣe yẹ, wọ́n ní bí omi ṣe ń sun láti orísun náà ni. Àbúrò wa tó ń kọ́ ìṣègùn ní kí a pe bí àbùdá (gene, ìtọ́ni inú ara tí a ń jogún) ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú kókó bẹ́ẹ̀ ní "ìjí àbùdá": èyí tó ń ṣiṣẹ́ ti jí, èyí tí kò ṣiṣẹ́ ń sùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Mo kọ àlàyé ráńpẹ́ kan lóṣù tó kọjá, mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí àǹtí mi tó ń ta ẹ̀kọ lọ́jà Odò-Ògbè. Ọ̀lẹ ò jẹ́ kí n fi àmì sí i. "Koko to n sun" ni mo kọ. Àǹtí pè mí: "Ta ló ń sun kókò lọ́sàn-án gangan?" Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ àgbẹ̀, gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kòkó ni, àti pé sísá là ń sá kòkó, a kì í sun ún. Kò sẹ́ni tó ka kókó nínú àwọn méjèèjì.

"Jí" náà kò sàn jù. Mo ka "àbùdá tó jí" sétí ọmọ mi, ó ní, "Kí ló jí?"

Ohun kan wà tó dùn mọ́ mi ṣá. Nígbà tí Starling, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara tó jẹ́ ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà họ́mónù ní London ní 1905, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí "mo sún un ṣe nǹkan" ló ti fà á yọ. Sún! Kókó ń sun ohun tó ń sún ara, àbùdá kan sì ń sùn nínú rẹ̀. Ewì nìyẹn, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ewì lẹ́nu dókítà?

Ohun tí mo bá àbúrò wa jà lé gan-an ni pé jíjí àti sísùn kò ní ìwọ̀n. Ẹ wo pheochromocytoma, kókó kan tí kì í wọ́pọ̀, tó máa ń hù nínú ẹ̀yà ara kékeré tó jókòó sórí kíndìnrín. Orí á máa fọ́ ẹni tó ní in, àyà á máa lù ú kìkì, òógùn á bò ó, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó ní in ló jogún àbùdá tó bàjẹ́. Bó bá jẹ́ àbùdá tí wọ́n ń pè ní VHL ló bàjẹ́, họ́mónù noradrenaline ni kókó náà sábà máa ń tú jáde. Bó bá jẹ́ àbùdá RET, họ́mónù adrenaline á wà níbẹ̀ dáadáa. Àbùdá mìíràn ló fa ìyàtọ̀ yẹn: PNMT, tó ń pèsè èròjà tó ń sọ noradrenaline di adrenaline. Nínú kókó ti VHL, PNMT kò bàjẹ́ o. Ó kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ ni.

Ìlù tó ya yàtọ̀ sí ìlù tí onílù fi kọ́ ara ògiri. Ti ara ògiri, awọ rẹ̀ pé, kò kàn dún ni. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "ìdún àbùdá": ó ń dún kíkankíkan, ó ń dún fẹ́ẹ́rẹ́, ó dákẹ́. Èyí tó bàjẹ́, kí a ní ó ya. VHL ya, PNMT dákẹ́. Bí ẹnìkan bá ní ìlù náà máa ń sọ̀rọ̀, kí a kúkú pè é ní "ìsọ̀rọ̀ àbùdá", èsì mi ni pé ìtumọ̀ là ń wá nínú ọ̀rọ̀. Ìwọ̀n là ń wá níbí.

Ní ti Bàbá, ẹ má bínú sà, "kókó atúhọ́mónù" ló tẹ́ mi lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó máa gbé e sórí iná.

Mo fi "idun abuda" ránṣẹ́ sí Àǹtí lálẹ́ àná, láìfi àmì sí i, kí n lè fi dán an wò. Ó bi mí bóyá ìdun ti wọ bẹ́ẹ̀dì mi.