Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ kí àbúrò mi máa dè mórí nílé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. MS, àìsàn tó ń ba iṣan ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́, ló ń bá àbúrò mi obìnrin jà ní Brooklyn. Ó lè sùn mọ́jú kó sì jí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ roko dé. Dókítà rẹ̀ fẹ́ kó máa lo tDCS, ẹ̀rọ tó ń rán iná díẹ̀ gba iwájú orí lọ sí ọpọlọ, ìṣẹ́jú 20 lójúmọ́. Ilé ni yóò ti máa lò ó, òṣìṣẹ́ ọsibítù á máa wò ó lórí fídíò. Ọkọ rẹ̀ ní irú rẹ̀ tí kò wọ́n wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ká rà á, ká bọ́ lọ́wọ́ wàhálà fídíò. Èmi ni n ó máa dúró tì í. Ẹ̀rù ń bà mí. Kí lẹ rí sí i?

Nọ́ọ̀sì Houston: Ẹ má rà á o! Ẹni tó ń wò ó yẹn gan-an ni ìtọ́jú náà. Olùṣèwádìí kan, Leigh Charvet, wà lára àwọn tó kọ ìlànà rẹ̀ jáde ní 2015. Òṣìṣẹ́ ọsibítù á kọ́kọ́ bi í bí ara ṣe rí, wọ́n á wo bó ṣe dè é, kí wọ́n tó fún un ní kóòdù. Láìsí kóòdù, ẹ̀rọ ò ní tan, kóòdù kan kì í sì ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́ gan-an, kò ní lè sọ pé òun fẹ́ fi kún un. Kì í wo MS sàn o, àárẹ̀ yẹn ni wọ́n ń fi gbógun tì.

Ìyá Ìbejì: Ẹ wo irun rẹ̀! Irun dídì àti ìpara kì í jẹ́ kí kànìnkàn tó wà lára ẹ̀rọ náà kan awọ orí. Omi iyọ̀ la fi ń rẹ kànìnkàn náà: kó tutù, kó má kán sílẹ̀. Bó bá gbẹ, ó lè jó awọ. Kó máa yún un díẹ̀ kò burú, àmọ́ bó bá di ìrora, ẹ sọ kíákíá.

Bàbá Dáre: Ṣé kò sí irin tí wọ́n fi sínú orí rẹ̀? Ṣé wárápá ò ṣe é rí? Dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀.

Oníbèéèrè: Kò sí ìkankan, ẹ ṣé gan-an. Sátidé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di ṣùkú, a ó tú u. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá wá já láàárín ìṣẹ́jú 20 yẹn ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Houston: Ẹ gba nọ́ńbà fóònù wọn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ò bá rí wọn bá sọ̀rọ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì ìdádúró kí iná rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má kàn já a kúrò lórí rẹ̀.