Ẹ̀yin ará, wọ́n ní kọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì gba nọ́ńbà káàdì mi

Ará Manchester: Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o. Mo fẹ́ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n lè fi wá ààyè ní yunifásítì lọ́dún tó ń bọ̀, mo sì forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì lóríṣiríṣi ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo: CS50x (kọ́ọ̀sì ìbẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ti Yunifásítì Harvard, tí wọ́n tún ń pè ní CS50), *Algorithms* ti Yunifásítì Princeton, àti àwọn mìíràn. Ìkànnì kan gba nọ́ńbà káàdì báǹkì mi, wọ́n ní ọjọ́ méje àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, ọ̀la ni yóò sì pé ọjọ́ méje. Ṣé wọn yóò yọ owó mi ni? Èwo ni kí n mú nínú àwọn kọ́ọ̀sì wọ̀nyí, ṣé àwọn tó ń gbani wọlé yóò sì ka ìwé ẹ̀rí wọn sí?

Ará Toronto: Àbúrò, kí o tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ yìí, wọ inú àkáǹtì rẹ lọ, wá ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ owó sí, kí o sì fagi lé e lálẹ́ yìí. Pé o kúrò nínú kọ́ọ̀sì kò túmọ̀ sí pé owó oṣooṣù ti dúró. Ọ̀tọ̀ ni èyí, ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún. Èmi rò pé ẹni tí kò bá wo fídíò mọ́ ti jáde nìyẹn, wọ́n sì ń yọ owó mi lọ títí ilé ìfowópamọ́ fi pe àkíyèsí mi sí i. Má sùn títí ìwọ yóò fi rí ímeèlì tó jẹ́rìí sí i pé o ti jáde.

Ará London: Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n Toronto sọ nípa káàdì, ṣùgbọ́n lójú tèmi, àṣìṣe tó tóbi jù ni ti kọ́ọ̀sì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ń lé eku méjì yóò pòfo. Èmi náà forúkọ sílẹ̀ báyìí nígbà kan, n kò sì parí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn. Ọdún kan gbáko lọ, owó kò sì lè rà á padà.

Ará Boston: N kò gbà, àbúrò London. Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn tọ́ kọ́ọ̀sì mẹ́ta wò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí báwo ni yóò ṣe mọ olùkọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé òun? Ohun tó ṣi Manchester lọ́nà ni pé kò béèrè irú ọ̀fẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún un. Ní ti OpenCourseWare, ìkànnì ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí MIT (yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà) kéde lọ́dún 2001, ènìyàn kì í forúkọ sílẹ̀ rárá: fídíò, iṣẹ́ ìdánrawò àti ìdáhùn wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kò sí ìwé ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni kò sì ní yẹ iṣẹ́ rẹ wò. Ní ti edX, ìkànnì kọ́ọ̀sì tí Harvard àti MIT jọ dá sílẹ̀ lọ́dún 2012, o lè wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ láti gbọ́ ẹ̀kọ́, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń fún ní máàkì sábà máa ń wà lẹ́yìn owó, àyè tí wọ́n fún ọ sì máa ń ní ìparí. CS50x ti Harvard yàtọ̀ díẹ̀. Bí o bá fi gbogbo iṣẹ́ rẹ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìkànnì CS50 fúnra rẹ̀ ṣe là á sílẹ̀, wọn yóò fún ọ ní ìwé ẹ̀rí tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí ti edX jẹ́ ti owó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti sanwó nítorí pé wọ́n rò pé ìwé kan náà ni méjèèjì.

Ará London: Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn kọ́ọ̀sì tí Manchester tò jọ. *Algorithms* ti Princeton (ẹ̀kọ́ nípa ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé láti yanjú ìṣòro), èyí tí Sedgewick àti Wayne ń kọ́, wà nínú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, kò sì ní ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n Java, èdè kọ̀ǹpútà kan, ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ẹni tó ti mọ kóòdù (àṣẹ tí a ń kọ fún kọ̀ǹpútà) í kọ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò tíì kọ ìlà kóòdù kan rí yóò rò pé òun kò lọ́pọlọ, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé ni kò tọ́.

Ará Boston: Ní ti ìyẹn, a ti fohùn ṣọ̀kan.

Ará Helsinki: Ẹ̀yin ará Boston, ẹ ń ṣe bí ẹni pé ìlú yín nìkan ni ìmọ̀ wà! Kọ́ọ̀sì Python (èdè kọ̀ǹpútà mìíràn) ti Yunifásítì Helsinki kò béèrè káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Inú VS Code (ohun èlò tí a fi ń kọ kóòdù) lórí kọ̀ǹpútà rẹ gan-an ni ìwọ yóò ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ ayẹ̀wò wọn yóò sì sọ fún ọ lójú ẹsẹ̀ bóyá kóòdù rẹ ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Bí o bá ti mọ̀ ọ́n ṣe sí i, Full Stack Open, kọ́ọ̀sì wọn lórí bí a ṣe ń kọ ìkànnì, wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ọ̀fẹ́.

Ará Boston: A kí yín o, ẹ̀yin ará òtútù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe CS50 yóò kọ́kọ́ fi Scratch (èdè kọ̀ǹpútà tí a ń fi àmì àwòrán tò) ṣeré, yóò sì fi èdè kọ̀ǹpútà C mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń to nǹkan sínú mẹ́mórì (ibi ìrántí rẹ̀), kí ó tó kan Python. Ìpìlẹ̀ ni à ń pè bẹ́ẹ̀.

Ará Helsinki: Ibi èdè C náà ni ọ̀pọ̀ ti ń sá padà, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun kan tún wà tó máa ń mú kí ilé sọ mí níbí. Èdè Finnish ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ àwọn kọ́ọ̀sì yìí. Ọmọ wọn lè bẹ̀rẹ̀ kóòdù ní èdè tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é jẹun. Nígbàkúùgbà tí mo bá ṣí i, mo máa ń rò ó pé ìgbà wo ni tiwa.

Ará Toronto: Èmi ti ń fi Yorùbá ṣàlàyé *loop* (àṣẹ tó ń mú kí kọ̀ǹpútà tún nǹkan kan ṣe léraléra) fún ọmọbìnrin mi, ó sì yé e ju bí olùkọ́ ṣe sọ ọ́ lọ. Bí àwa bíi mẹ́rin bá kóra jọ, a lè fi Yorùbá gba ohùn ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Ará London: Ẹ kọ orúkọ mi mọ́ ọn.

Ará Manchester: Ẹ ṣeun, mo ti fagi lé e, ímeèlì náà sì ti wọlé. CS50 ni mo mú, mo fi Princeton sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ yunifásítì.

Ará Helsinki: Ìwé ẹ̀rí kọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ kì í ṣe máàkì yunifásítì. Ní tiwa níbí, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n kà á sí ẹ̀kọ́ gidi máa ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Open University ti Helsinki (ẹ̀ka yunifásítì náà tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn), wọn a sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ECTS (òṣùwọ̀n tí àwọn yunifásítì Yúróòpù fi ń ka ẹ̀kọ́). Bóyá ibi tí ò ń lọ yóò gbà á, àwọn ni kí o kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ará Boston: Má ṣe jẹ́ kí ChatGPT bá ọ kọ iṣẹ́ CS50 o, òfin wọn kò gbà á. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn ọdún kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí o bá ti ṣe yóò bá ọ wọ ọdún tuntun. Toronto, ìgbà wo ni ká bẹ̀rẹ̀ gbígba ohùn náà?