Motek: látorí géèmù dé ọsibítù, báwo ló ṣe jẹ́?

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí i. Motek, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Netherlands yẹn, ṣebí motion capture (fífi kámẹ́rà gba bí ara ṣe ń rìn sínú kọ̀ǹpútà) fún fíìmù àti géèmù ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe wá di ẹni tó ń kọ́ aláìsàn ní ìrìn?

físíò_ìbàdàn: Kò jìnnà síra rárá jàre. Àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké tó ń dán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara òṣèré, kámẹ́rà á máa ṣọ́ wọn, kọ̀ǹpútà á mọ ibi tí orúnkún àti ìbàdí wà, tó o bá wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣe, ohun kan náà ni, àmọ́ èsì gbọ́dọ̀ jáde lójú ẹsẹ̀ kó lè tún ìrìn ẹ̀ ṣe níbẹ̀.

Àdìó_tẹ́ẹ̀kì: Ẹ wo CAREN, ẹ̀rọ wọn tí wọ́n fi ń kọ́ aláìsàn ní ìrìn. Pèpéle tó ń mì, treadmill (ẹ̀rọ téèyàn ń rìn lórí ẹ̀ lójú kan) lórí ẹ̀, sikirinì ńlá níwájú, wọ́n á so ẹ́ mọ́ òkè kó o má baà ṣubú. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ní in ní ibùdó ìtọ́jú wọn, Center for the Intrepid, ní San Antonio, fún sójà tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Haa! Owó ńlá nìyẹn o, odidi yàrá kan.

físíò_ìbàdàn: Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò rò pé ọsibítù kékeré lè gbé e. Motek wá bọ́ sábẹ́ iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ DIH ṣá, àwọn àti Hocoma, iléeṣẹ́ tó ṣe rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń kọ́ aláìsàn ní ìrìn.