Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ilé ló yẹ kí heat pump wa wà?

Ìyá Ìbejì, Dartford

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti gba ọ̀nà yìí kọjá.

Bọ́ílà gáàsì wa, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru tó sì ń gbé omi kaná, ti darúgbó. Lóṣù tó kọjá, ó kú mọ́ wa lọ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ìyá ọkọ mi, ẹni ọdún 78 tó ti Ìjẹ̀bú-Òde wá sọ́dọ̀ wa, ń wọ kóòtù sùn. Bí mo bá ti gbọ́ tí wọ́n ń wúkọ́ lóru, ńṣe ni àyà mi ń já. Ọkọ mi wá ní a ò ní ra bọ́ílà míì, pé nígbà tí ìjọba ń bá ni san £7,500 nínú owó heat pump, ẹ̀rọ oníná tó ń kó ooru ìta wọlé láti mú ilé móoru, ká kúkú ṣe é.

A pe iléeṣẹ́ kan. Ọkùnrin tí wọ́n rán wá ò lò tó ogún ìṣẹ́jú. Kò wọn yàrá kankan. Ó wo ẹ̀yìnkùlé fìrí, ó wo ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ògiri wa àti fẹ́ǹsì aládùúgbò, ó ní ibẹ̀ lòun máa gbé e sí torí pé ó sún mọ́ ibi tí bọ́ílà wà. Ọ̀nà yẹn ò fẹ̀ ju mítà kan lọ, fèrèsé yàrá màmá sì wà lókè ẹ̀ gan-an. Ó ní ẹ̀rọ kílówáàtì 12 la nílò, £13,800 lowó ẹ̀ kí wọ́n tó yọ ti ìjọba.

Semi ni ilé wa, ìyẹn ilé méjì tó jọ pín ògiri kan, àwọn ọdún 1930 ni wọ́n kọ́ ọ. Yàrá mẹ́ta, àwa mẹ́fà là ń gbé ibẹ̀, fèrèsé onígíláàsì méjì, wọ́n sì ti tẹ́ ohun tó ń dí òtútù sí àjà. Ṣé kí n gbà kí wọ́n gbé e sí ọ̀nà yẹn? Ṣé ariwo ẹ̀ máa jẹ́ kí màmá sùn? Ṣé ilé á tiẹ̀ móoru? Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ Ẹtì ló ní ká wá fọwọ́ síwèé.

Àlàbá, Manchester

Ẹ má fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ Ẹtì, mà. Ẹni tí kò wọn yàrá kò lè mọ iye kílówáàtì tẹ́ ẹ nílò.

Bàbá Fẹ́mi, Luton

Mo fi ọdún mọ́kànlá ṣe éásì ní Ìbàdàn kí n tó wá síbí, iṣẹ́ heat pump ni mò ń ṣe báyìí. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí ẹnikẹ́ni tó bá ti rí éásì rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí.

Éásì a máa kó ooru inú yàrá dà síta. Heat pump yí i padà: ooru ìta ló ń kó wọlé, àní nígbà tí ìta bá tutù bíi yìnyín, torí pé ooru ṣì wà nínú afẹ́fẹ́ tó wà ní dígírì 0. Fáànù inú àpótí ìta yẹn á fa afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ á gba ooru inú ẹ̀, á sì tú afẹ́fẹ́ náà dà nù ní tútù ju bó ṣe wọlé lọ. Ẹ wá wò ó ná: tí ògiri wà lẹ́yìn, tí fẹ́ǹsì dúró gbagidi níwájú, níbo ni afẹ́fẹ́ tútù yẹn ń lọ? Á padà sẹ́nu ẹ̀rọ. Á tún máa fa òtútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jáde. Yìnyín á bò ó, á máa dáṣẹ́ dúró láti yọ́ yìnyín, owó iná á sì máa gòkè. Irú ẹ̀ náà la máa ń rí ní Ìbàdàn tí wọ́n bá há àpótí éásì mọ́ kọ̀rọ̀: á máa fa ooru ara ẹ̀, yàrá ò ní tutù, wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n rà.

Ẹ fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà yẹn. Ẹ̀rọ náà nípọn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 40. Ó sábà máa ń fẹ́ àyè bíi sẹ̀ǹtímítà 30 lẹ́yìn. Èyí tó kù fún un láti fi fẹ́ atẹ́gùn síwájú ò tó nǹkan rárá, àyè tó sì ń fẹ́ níwájú pọ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ dáadáa. Ìwé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sọ tiẹ̀. Ẹ ní kí ó fi ojú ìwé náà hàn yín.

Ìkejì, ẹ bi í léèrè gáàsì wo ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jáde báyìí ń lo R290. Propane ni, irú gáàsì tó ń gbiná. Kò léwu tí wọ́n bá gbé e síbi tó yẹ, àmọ́ ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tó bá jò, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ lọ. Nítorí náà wọn ò gbọ́dọ̀ gbé e sún mọ́ ilẹ̀kùn, ojú gọ́tà, tàbí fèrèsé tó lọ sílẹ̀. Ṣé gọ́tà wà ní ọ̀nà yẹn?

Ìkẹta, níbo ló ní òun máa gbé táńkì omi gbígbóná sí?

Ìyá Ìbejì, Dartford

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Ojú gọ́tà wà níbẹ̀, méjì. Kò sì dárúkọ táńkì kankan! Bọ́ílà wa ò ní táńkì, bí a bá ti ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi ni omi ń gbóná.

Bàbá Fẹ́mi, Luton

Ìyẹn ló bà mí nínú jẹ́ jù. Combi nìyẹn. Heat pump ò lè sáré gbé omi kaná bí ẹ bá ṣe ń ṣí i, ó gbọ́dọ̀ ti kó o pamọ́. Ẹ̀yin mẹ́fà nínú ilé, pẹ̀lú màmá tí á fẹ́ fi omi gbígbóná wẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, táńkì lítà 200 sí 250 lẹ máa nílò. Kọ́bọ́ọ̀dù kan máa lọ sí i. Á sì tún máa gbé omi inú ẹ̀ dé dígírì 60 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ torí kòkòrò àìsàn. Ẹni tó bá sọ iye owó láìmọ ibi tí táńkì máa wà, nǹkan míì á tún yọjú níwájú.

Àǹtí Bísí, Birmingham

Èmi ti ṣe é, mo sì kábàámọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ tẹnu èmi náà. Láti oṣù kọkànlá ni owó iná mi ti di ohun tí mi ò lè sọ níwájú ọkọ mi. Ẹ̀rọ náà ń jẹ yúníìtì 42 lójúmọ́! Rédíétọ̀, irin ara ògiri tó ń mú yàrá móoru, gbóná, òótọ́ ni, àmọ́ kí lèrè ẹ̀?

Àlàbá, Manchester

Àǹtí, ẹ dákun, dígírì mélòó ni wọ́n sẹ́ẹ̀tì omi tó ń lọ sínú rédíétọ̀ sí?

Àǹtí Bísí, Birmingham

Ó kọ 60 sára ẹ̀. Bó ṣe wà látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e sílẹ̀ nìyẹn. Mo máa ń pa á tí a bá lọ síbi iṣẹ́, tí mo bá dé ní aago mẹ́fà mo tàn án.

Bàbá Fẹ́mi, Luton

Àǹtí Bísí, ẹ má bínú, wọ́n fi yín sílẹ̀ láì kọ́ yín ní nǹkan ni. Ibi tí owó ń gbà jáde nìyẹn.

Ní ìparí ọdún 2025, gáàsì tó bíi pẹ́ńsì 6 lórí yúníìtì kan, iná mànàmáná tó bíi 26. Ó ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Ohun tó ń gba heat pump là ni pé tí ó bá jẹ yúníìtì iná kan, ó lè fún yín ní ooru yúníìtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àmọ́ bí omi tí ẹ ní kó gbé kaná bá ṣe gbóná tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára ẹ̀ ń dín kù. Ní 60, ó lè má fún yín ní mẹ́ta. Ní 40 tàbí 45, ó lè dé mẹ́rin. Mẹ́ta, ẹ ń san ju ti gáàsì lọ. Mẹ́rin, ẹ ti bọ́. Mi ò ní pa irọ́ fún yín, kò sí ohun míì tó ṣe pàtàkì tó èyí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ heat pump.

Ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀ sí 50 lónìí, ẹ wò ó fún ọjọ́ méjì, ẹ tún lọ sí 47, títí ẹ ó fi rí i pé yàrá kan fẹ́ tutù, ẹ wá gbé e padà díẹ̀. Ẹ má pa á mọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ kó máa fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Rédíétọ̀ ò ní gbóná lọ́wọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, ara yàrá ni kí ẹ máa wò. Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n ti tan weather compensation, tó máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ tẹ̀ lé bí ìta bá ṣe tutù tó.

Ìyá Olóyè, Milton Keynes

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ìyá ọkọ. Olúwa á jẹ́ kí ìwọ náà rí ẹni tọ́jú rẹ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀rọ yẹn máa ń su omi. Nígbà òtútù, tó bá ń yọ́ yìnyín ara ẹ̀, omi tó ń jáde kì í ṣe kékeré. Ojú ọ̀nà tí a máa ń gbà da pàǹtírí ni tiwa ń ṣàn sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan omi náà ti dì, Bàbá Olóyè gbé ẹsẹ̀ lé e, ọrùn ọwọ́ wọn kán. Oṣù méjì ni mo fi ń fún wọn lóúnjẹ. Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ilé tí ẹ ń sọ yìí, ẹ̀yin pẹ̀lú àwọn ìbejì á máa gbà á kọjá. Sọ fún wọn pé kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀, kí wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí omi máa mù lọ sísàlẹ̀.

Tọ́pẹ́, Croydon

Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin àgbà. Nípa òfin: ní England, ó gbọ́dọ̀ fi mítà kan jìnnà sí ààlà aládùúgbò tẹ́lẹ̀ kó tó lè bọ́ lọ́wọ́ ìwé àṣẹ káńsù. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni wọ́n ti mú ìyẹn kúrò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí tí ọkùnrin yẹn fi ní ọ̀nà tóóró dára nìyẹn. Àmọ́ òfin ariwo ṣì wà níbẹ̀: ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ ṣírò ariwo tó máa dé fèrèsé aládùúgbò, kó sì fi ìṣirò náà hàn yín. Ìlànà MCS ni, àwọn tó ń fún iléeṣẹ́ tó ń gbé irú ẹ̀rọ yìí sílé ní ìwé ẹ̀rí. Iléeṣẹ́ tí kò bá sì ní ìwé ẹ̀rí MCS ò lè gba £7,500 yẹn fún yín, torí iléeṣẹ́ náà ló ń béèrè owó lọ́wọ́ Ofgem, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná àti gáàsì, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ wo orúkọ wọn nínú àkọsílẹ̀ MCS kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. VAT náà, òdo ni títí di ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2027, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ mọ́ owó yín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ bá aládùúgbò yín sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé e dé. Èmi gbé oúnjẹ díẹ̀ dání lọ kí wọn, mo fi ibi tó máa wà hàn wọ́n. Kò sí wàhálà kankan látìgbà náà.

Bàbá Ruka, Aberdeen

Ẹni tó bá wà ní Scotland, tiwa yàtọ̀ o. Home Energy Scotland ni kí ẹ pè. £7,500 tí a kì í san padà, ẹ sì tún lè yá £7,500 láìsí èlé.

Ìyá Ìbejì, Dartford

Ẹ ò mọ bí ọkàn mi ṣe balẹ̀ tó. Ìbéèrè kan ṣì kù. Ṣé a máa gé gáàsì kúrò pátápátá? Orí gáàsì ni mo ti ń ro àmàlà.

Àlàbá, Manchester

Tí ẹ bá fi gáàsì sílẹ̀ torí sítóòfù nìkan, owó ojoojúmọ́ tí wọ́n ń gbà lórí mítà ò ní dúró. Ó ju £100 lọ lọ́dún. Ìyàwó mi ti ń ro àmàlà lórí induction, irú sítóòfù oníná kan, fún ọdún méjì. Ìkòkò tí mágínẹ́ẹ̀tì lè lẹ̀ mọ́ nídìí ni kí ẹ rà, kí ìdí ẹ̀ sì tẹ́jú.

Àǹtí Bísí, Birmingham

Mo padà wá. Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo ti ń sọ ọ́ kalẹ̀, ó wà ní 46 báyìí, mi ò sì pa á mọ́. Yúníìtì 31 ló jẹ lánàá, ìta ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Yàrá ọmọbìnrin mi nìkan ló tutù díẹ̀. Bàbá Fẹ́mi, Ọlọ́run á bá yín ṣe é.

Bàbá Fẹ́mi, Luton

Àmín. Rédíétọ̀ yàrá yẹn ló kéré. Ẹ pààrọ̀ òun nìkan sí èyí tó tóbi, ẹ lè tún sọ omi náà kalẹ̀ síwájú sí i.

Ìyá Ìbejì, Dartford

Iléeṣẹ́ míì ti wá. Obìnrin kan ni, ó lo wákàtí mẹ́ta. Ó wọn gbogbo yàrá, ó wọn fèrèsé, ó gun àjà, ó yẹ bí páìpù ṣe nípọn tó wò. Kílówáàtì 6.8 ni ilé wa ń fẹ́ nígbà tí òtútù bá le jù! Ẹni àkọ́kọ́ ní 12. Ó ní tí a bá gbé 12 síbẹ̀, á kàn máa tàn, á máa kú ni, kò sì ní pẹ́ bàjẹ́. Ẹ̀yìn ilé, lábẹ́ ògiri kíṣíìnì, ló máa wà, ó jìnnà sí fèrèsé màmá àti ti aládùúgbò, wọ́n á fi rọ́bà sí ẹsẹ̀ ẹ̀ kó má baà máa gbọn ògiri. Rédíétọ̀ mẹ́ta ni wọ́n máa pààrọ̀, ti yàrá màmá wà nínú ẹ̀. Táńkì á gba kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lórí àtẹ̀gùn. £12,900, ìjọba á san £7,500, àwa á san £5,400. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀.

Màmá ní kí n bi yín léèrè: ṣé ẹ̀yìnkùlé lásán ni wọ́n máa gbé e sí báyìí, tí olè ò ní jí i? Wọ́n ní àwọn kì í sùn ní Ìjẹ̀bú láì ti irin mọ́ éásì.

Bàbá Fẹ́mi, Luton

Ẹ bá mi kí màmá dáadáa. Wọ́n á fi bóòtù dè é mọ́ kọnkéré. Tí ẹ bá fẹ́ fi irin yí i ká, kí ihò irin náà fẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì bi obìnrin yẹn kí ẹ tó rà á. Ẹ má fi pákó tàbí òdòdó dí iwájú ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Dartford

Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n gbé àga wọn sí kíṣíìnì lọ́jọ́ Ajé, àwọn fẹ́ wo bí wọ́n ṣe máa dè é.