Abẹ́rẹ́ lanreotide àti inú màmá mi: báwo ni ẹ ṣe ń lo Creon?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Jẹjẹrẹ neuroendocrine (èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe họ́mọ̀nù) wà nínú ìfun màmá mi. Lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ 28 kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gba lanreotide 120 mg sí ìdí, abẹ́rẹ́ tó ń dín họ́mọ̀nù tí jẹjẹrẹ náà ń tú jáde kù. Pípupa tí awọ ojú wọn máa ń pupa lójijì ti dáwọ́ dúró, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti abẹ́rẹ́ kẹta, ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ń funfun, ó ń léfòó bí òróró, wọ́n sì ń rù. A dín epo kù, a lo loperamide (oògùn ìgbẹ́ gbuuru), pàbó. Nọ́ọ̀sì wá fún wọn ní Creon 25,000 (oògùn oníhóró tó ní enzyme tó ń bá ara da ọ̀rá inú oúnjẹ), ẹyọ kan ṣáájú oúnjẹ. Ó gbọ́ ti búrẹ́dì, kò gbọ́ ti ẹ̀gúsí, ọbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ràn jù láyé. Ẹ̀yin tó ń gba abẹ́rẹ́ yìí tí ẹ ṣì ń jẹ iyán àti ẹ̀gúsí, Creon mélòó ni wọ́n ní kí ẹ máa lò, ṣé ṣáájú òkèlè àkọ́kọ́ ni àbí láàárín oúnjẹ?