Ìwé ogun olómi wúrà tí mo rà sí láíbìrérì

Ìyá Rìfáràǹsì, Àkúrẹ́:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè bá a ṣe ń yan ìwé ìtàn ogun, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ojú mi rí màbo.

Lọ́dún tí owó ìwé dé, èmi ni wọ́n ní kí n mú ti ogun. Òǹtàwé kan gbé ìdìpọ̀ mẹ́fà wá, ẹ̀yìn aláwọ, lẹ́tà olómi wúrà. Ó ní kò sógun tọ́mọ aráyé jà tí kò sí níbẹ̀. Kí n má purọ́, omi wúrà yẹn ni mo rà. Mo tẹ òǹtẹ̀ "a kì í yá a jáde" sí i lára, mo tò ó síbi tójú ti máa rí i.

Kò pẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Ìjerò, dé. Ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá Èkìtì Parapọ̀ jà, ló ń wá. "Mà, kò sí níbí o." Mo ní irọ́ ni. Mo gba ìdìpọ̀ tí atọ́ka wà, mo ń fìka tọ lẹ́tà K lọ sísàlẹ̀: Kashmir, Khartoum, ó di Königgrätz. Mo wo Ìbàdàn, mo wo Èkìtì, òfo. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1886, táwọn ọmọ ogun ò sì tú ká títí di 1893! Ojú tì mí níwájú ọmọ ọlọ́mọ.

Mo ní kí n wo ogun Hitler, torí bàbá ìyá mi lọ sí Bọ́mà. Ojúewé mọ́kànlá ni Bọ́mà gbà. Àwọn Division 81 àti 82, ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jà fún Gẹ̀ẹ́sì, táwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú wọn, ìlà kan ṣoṣo, lábẹ́ máàpù.

Látìgbà náà, kí n tó fọwọ́ sí ìwé ogun kankan, mo máa ń wá Kírìjì, Kaladan ní Bọ́mà tí àwọn 81 ti jà ní 1944, àti Ọ̀rẹ̀ tiwa níbí, tí wọ́n ti jà nígbà ogun Biafra. Bí mo bá rí i, mo yẹ máàpù wò, mo wo ibi tí òǹkọ̀wé ti mú ọ̀rọ̀ wá. Bí kò bá sí, mo lè rà á náà (Napoleon ní akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀), àmọ́ mo ti mọ ibi tí mo máa ná an dé.

Ọmọ Èkìmọ̀gún, Oǹdó:
Ẹ̀gbọ́n mi, Ọ̀rẹ̀ wà nínú tiwa o! Ọ̀gágun ìjọba àpapọ̀ kan ló kọ ọ́, a ra ẹ̀dà mẹ́rin. Olùkọ́ kan, ará Asaba, kà á tán, ó ní ṣé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni wá ni. Mo wá èyí táwọn ọ̀gágun Biafra kọ, mo fi tì í. Wàhálà tó kù ni pé, nínú lẹ́tà Library of Congress tá a fi ń to ìwé, ogun abẹ́lé wà ní DT (ìtàn Áfíríkà), iṣẹ́ ológun wà ní U, tojú omi wà ní V. Sójà kan fi odindi ọ̀sán rìn láàárín pẹpẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ti lẹ ìwé ìtọ́ka mọ́ U báyìí.

Àbúrò Yín, Àkúrẹ́:
Mà, ìdìpọ̀ mẹ́fà yẹn ńkọ́?

Ìyá Rìfáràǹsì, Àkúrẹ́:
Márùn-ún wà lórí pẹpẹ. Ìkẹfà la fi ń ti fèrèsé tí ìkọ́ rẹ̀ kán.